Ìrẹ̀ Tó Ń Kọrin Létí Àgbọ̀nrín

Nígbà láéláé, kó tó di pé ọmọ èèyàn ń ki nǹkan olórin tí kò ní wáyà bọ etí lọ sáré ní pápá, àwọn ẹranko ti ń ṣe é. Kòkòrò ni wọ́n ń lò. Kòkòrò tó bá lóhùn á jókòó sétí ẹranko, á máa kọrin fún un bó ṣe ń sáré lọ, ẹsẹ̀ á sì máa yá.

Níbẹ̀rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń so kòkòrò náà mọ́ ọrùn. Ṣùgbọ́n okùn yẹn ń kọ́ igi, ó ń kọ́ ẹ̀gún. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún Ehoro lọ́rùn pa. Bí wọ́n ṣe já okùn dànù nìyẹn. Kálukú wá ń wá kòkòrò tó lè dá dúró létí òun.

Eré tí wọ́n ń sá yìí kì í ṣe eré lásán o. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, iná máa ń jó igbó yẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá yá, iná á bá a. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń jáde láràárọ̀ lọ sí pápá tó wà létí odò, tí wọ́n á sáré títí òógùn á fi bò wọ́n.

Àgbọ̀nrín wà nínú wọn. Ọ̀dọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà á. Ewé gbígbẹ á já, àyà rẹ̀ náà á já. Ẹ̀ka igi á dún, á fò sókè. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Òun àti ìyá rẹ̀ yìí ni wọ́n jọ ń gbé. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Tí wọ́n bá ń sáré, ìrù funfun ọmọ rẹ̀ níwájú nìkan ló ń rí, òun náà ló ń tẹ̀ lé. Torí náà wọ́n ṣe àdéhùn.

"Àdìgún," bí ìyá ṣe máa ń kì í nìyẹn, "tí mi ò bá rí ìrù ẹ mọ́, màá fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbì, gbì. Tóo bá ti gbọ́ ọ, dúró dè mí."

"Màá dúró, Màámi."

"Kódà kí iná wà lẹ́yìn mi?"

"Ẹ̀yin náà, Màámi! Ṣé mo lè sá kí n fi yín sílẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn kòkòrò pé jọ sábẹ́ igi àràbà létí pápá, kí àwọn asáré lè wá yan èyí tó bá wù wọ́n. Àgbọ̀nrín lọ. Ó bá Ehoro níbẹ̀.

Ẹlẹ́ǹgà ló kọ́kọ́ gbé sétí. Ohùn rẹ̀ ròkè gan-an. Àgbọ̀nrín sá ìṣísẹ̀ márùn-ún péré, Ẹlẹ́ǹgà ti fò já sínú koríko.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," Ẹlẹ́ǹgà ní, "ẹsẹ̀ mi ni kì í gbélé."

Ehoro rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Ìwọ ń sáré lọ sókè odò, orin ẹ ń fò lọ sísàlẹ̀ odò!"

Yímíyímí ló kàn. Kò wọ inú etí rárá. Ẹ̀yìn etí ló dì mú, ó sì ń kùn jẹ́jẹ́. Àgbọ̀nrín sáré, kò já bọ́. Ó gbọn orí, kò já bọ́. Ó ri orí bọ odò, ó yọ ọ́, Yímíyímí ṣì ń kùn. Bó sì ṣe ń kùn yẹn, Àgbọ̀nrín ṣì ń gbọ́ omi tó ń ṣàn, ó ń gbọ́ Ehoro tó ń mí, ó tiẹ̀ gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ láti òkèèrè.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi, ó pariwo, "Kí ló ń rùn báyìí? Àgbọ̀nrín, ṣé ẹni tó ń yí ìgbẹ́ lo wá gbé sétí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ehoro ní, "Má dá wọn lóhùn jàre. Àbúrò Yímíyímí yìí lèmi gbé sétí. Ṣé imú mi wà létí mi ni?"

Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ ló ń dun Àgbọ̀nrín. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó ṣì ń gbọ́ ewé tó ń já, ó ṣì ń gbọ́ ẹ̀ka tó ń dún. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ó gbé Yímíyímí sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìrẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó mú ìda oyin díẹ̀ dání.

"Ẹ̀gbọ́n," Ìrẹ̀ ní, "ẹ gbé mi wò. Èmi kì í dúró síta. Inú lọ́hùn-ún ni mò ń wọ̀, màá fi ìda dí ẹnu ọ̀nà. Èmi nìkan lẹ máa gbọ́."

"Èmi àti ìwọ nìkan?"

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan. Ayé á dákẹ́."

Ìrẹ̀ wọlé, ó fi ìda dí etí ọ̀tún, ó dí tòsì náà. Ayé dákẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀:

"Iwájú ni o máa lọ, tìrírí,
Má wẹ̀yìn, má wẹ̀yìn, tìrírí,
Èmi nìkan ni kóo gbọ́, tìrírí."

Àgbọ̀nrín gbéra. Igi ń kọjá lọ láìdún. Ewé ń bọ́ láìdún. Àyà rẹ̀ ò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì sáré rí kí ẹ̀rù má bà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bó ṣe dúró, ọwọ́ kàn án léjìká. Ìyá rẹ̀ ni. Ó bá a yọ ìda etí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ẹ́," ìyá ní.

"Mi ò gbọ́, Màámi."

"Mo rí i pé o ò gbọ́. Ọmọ mi, gbé Yímíyímí."

"Màámi, òun yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí."

Ìyá mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Ó wá ní, "Ó dáa. Tó bá jẹ́ Ìrẹ̀ lo fẹ́, fi í sí etí kan. Fi etí kejì sílẹ̀ fún mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màámi. Tiyín lèkejì."

Ọjọ́ kìíní, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì náà, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ńṣe ló dà bíi pé gbogbo ẹ̀rù inú igbó ló ń rọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní, "Ìrẹ̀, dí èkejì."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Iná ò tíì dé. Tí iná bá dé, màá yọ ọ́."

Ìrẹ̀ dí i.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni iná dé. Kò dúró de ìgbà tó máa ń dé. Atẹ́gùn ọyẹ́ ló gbé e wá. Àgbọ̀nrín ń jẹko lọ́wọ́ nígbà tó rí i tí ìyá rẹ̀ ń sáré bọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbójú sókè, ó rí èéfín.

Ó yẹ kó yọ ìda nígbà náà. Ó sì rántí. Ó tiẹ̀ ti gbé orí lọ síbi òkúta láti fi etí nù ún. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé tí òun bá yọ ọ́, òun á gbọ́ bí iná ṣe ń jó. Òun á gbọ́ igi tó ń bẹ́. Ẹsẹ̀ òun á wá kú sábẹ́ òun.

"Ìrẹ̀," ó ní, "kọrin! Kọ ọ́ kíkankíkan!"

Ó ki eré mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó tẹjú mọ́ ìrù funfun yẹn. Wọ́n kọjá igi àràbà. Wọ́n kọjá òkìtì ọ̀gán. Ibẹ̀ ni èéfín ti bo ọ̀nà mọ́ ìyá lójú. Ó wo iwájú, kò rí ìrù mọ́. Ó dúró, ó fẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

Gbì, gbì.

Àgbọ̀nrín ò gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìrẹ̀ gbọ́ ọ. Ìró náà gba inú ilẹ̀ wá, ó gba inú eegun ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín, ó dé ibi tí Ìrẹ̀ jókòó sí. Inú Ìrẹ̀ dùn. Ó rò pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí orin òun ni. Ó gbé ohùn sókè sí i.

"Má wẹ̀yìn, má wẹ̀yìn, tìrírí!"

Gbì, gbì. Ìrẹ̀ tún gbé e sókè.

Gbì, gbì.

Gbì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò dún mọ́.

Àgbọ̀nrín fò ré odò kọjá. Ó bá àwọn yòókù lódìkejì, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó yíjú padà, ó ní, "Màámi, a ti dé."

Kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fi etí ha òkúta títí ìda fi bọ́, tí etí sì ṣẹ̀jẹ̀. Ìrẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. "Ehoro! Ṣé o rí ìyá mi?"

Ehoro ò lè wò ó lójú. Yímíyímí tirẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ti dákẹ́.

"Mi ò rí wọn," Ehoro ní. "Mo gbọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Odò ti wà láàárín wa. Mo ní ìwọ wà nítòsí, o máa dúró."

Ìrẹ̀ gbórí sókè nílẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àtẹ́wọ́ ni mo pè é."

Àgbọ̀nrín ò nà án, kò bú u. Ó ní, "Èmi ni mo ní kóo dí i."

Nígbà tí iná kú, Àgbọ̀nrín àti Ìrẹ̀ padà lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, nínú eérú, wọ́n rí ojú ibi tí ìyá dúró sí. Kò yẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ojú kan náà ló ń lù, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi jìn.

Àgbọ̀nrín dúró níbẹ̀, ó dẹ etí kan síwájú, ó dẹ èkejì sẹ́yìn. Ìrẹ̀ wo ihò kékeré yẹn títí. Lẹ́yìn náà ó wọ inú rẹ̀, kò sì jáde lọ sétí ẹnì kankan mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ìrẹ̀ ti ń gbé inú ihò nílẹ̀. Tó bá ń kọrin, tóo bá rọra ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, á dákẹ́ wẹ́lo. Ó ń tẹ́tí gbọ́ bóyá ìyá yẹn ni. Kò fẹ́ kí orin òun tún bo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ mọ́. Tó bá rí i pé ìwọ lásán ni, tóo sì kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà sì ni Àgbọ̀nrín kì í fi gbogbo etí fún nǹkan kan. Tó bá ń sáré, bó ti wù kí eré yẹn le tó, kódà kí ajá wà lẹ́yìn ẹ̀, á dédé dúró láàárín ọ̀nà, á yí etí kan sẹ́yìn. Ibi tó dúró sí yẹn ni ọdẹ ti máa ń rí i mú nígbà míì.

Ó mọ̀. Ó ṣì ń dúró.