Ìjàpá Gba Ìyẹ̀wù Nínú Ọkọ̀ Afẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ dé o.

Kó máa bọ̀, etí wa ti ṣí sílẹ̀.

Àlọ́ tèmi kò já sílẹ̀ lónìí, orí omi ló já sí. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, kò rì. Ó wọ yàrá kan nínú ọkọ̀, ó bá ẹnìkan tó ń làágùn níbẹ̀, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òtútù ń mú òun. Ta ni yóò jẹ́?

Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ẹ ò tilẹ̀ ronú kí ẹ tó dáhùn. Ó dára. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ lè gbọ́ ohun tó fà á tí Ìjàpá fi máa ń yọ orí síta, tó sì máa ń fà á wọlé kíákíá bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ró nítòsí.

Ní àkókò kan, Erinmi kan ọkọ̀ ojú omi ńlá kan. Kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹja tàbí igi gẹdú. Ọkọ̀ afẹ́ ni. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó jẹun, kí ó sùn, kí ó sì máa wo omi. Erinmi ránṣẹ́ pe àwọn ẹranko orí ilẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun lo ọjọ́ méje lórí òkun, kí ará omi àti ará ilẹ̀ lè túbọ̀ mọ ara wọn.

Lójú Ìjàpá, tìtorí tòun nìkan ni Erinmi ṣe kan ọkọ̀ náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ ni ìrìn àjò náà kàn jù. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ ti ń da Yánníbo láàmú. Bí ó bá sọ gbólóhùn kan, yóò sinmi kí ó tó sọ èkejì. Oníṣègùn sì ti sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní kò sí ewé tí òun tún fẹ́ já mọ́, atẹ́gùn òkun ló kù. Kí Yánníbo lọ fi ọjọ́ méje mí in sínú dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òjò tó ń bọ̀ lè má bá a láyé.

Gbogbo ará ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjàpá náà gbọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń fún ènìyàn lẹ́ran nínú ọkọ̀ ọ̀hún?"

Ọjọ́ pé, wọ́n dé èbúté. Yánníbo di aṣọ méjì àti ìkòkò àgbo kékeré kan. Ìjàpá ní tirẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo mẹ́ta, nítorí ènìyàn kì í mọ ohun tí yóò rí kó bọ̀.

Akàn ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá nínú ọkọ̀ náà. Akàn kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ohun tí o bá ní kí ó ṣe lónìí ni yóò máa ṣe títí ayé yóò fi parí. Ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ sínú igbá, ó fi aṣọ bò wọ́n.

"Kí oníkálukú ti ọwọ́ bọ̀ ọ́," ni Akàn wí. "Kọ́kọ́rọ́ tí o bá mú ni yàrá rẹ. Mo ti sọ tán."

Ìjàpá ti ọwọ́ bọ igbá, ó ro kọ́kọ́rọ́ wò, ó mú èyí tó wúwo jù. Akàn wò ó. "Yàrá òkè, ojú fèrèsé."

Wọ́n gòkè lọ. Fèrèsé méjì ni yàrá náà ní, àtèyí tó kọjú sí ìlà oòrùn àtèyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Atẹ́gùn ń gba ọ̀kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde, ó sì ń gbé etí aṣọ ibùsùn sókè bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Yánníbo jókòó. Ó mí sínú, ó mí síta. Ó ní, "Baálé mi, ibí yìí dára, mo rò pé ara mi yóò yá kí ọjọ́ méje tó pé."

Gbólóhùn náà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsinmi. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ìjàpá kò ṣàkíyèsí. Ó ti na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dun Ìjàpá tó kí ẹlòmíràn máa rẹ́rìn-ín kí òun má mọ ohun tó fà á.

Òkété ni. Òun ló mú kọ́kọ́rọ́ tó gbẹ̀yìn.

"Ìyẹ̀wù," ni Akàn sọ fún un. "Ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ṣókùnkùn, ó móoru, kò fẹ̀."

"Ó ṣókùnkùn?" ni Òkété béèrè.

"Dúdú."

Òkété fò sókè. "Ìyàwó mi, wá gbọ́ oríire."

Ẹ má bínú sí Òkété. Inú ihò ni wọ́n bí i sí, inú ihò ló dàgbà sí, ihò ló sì ń wá kiri ayé. Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò ro ti èyí. Ohun méjì péré ló gbọ́ láti òkè níbẹ̀: ìyẹ̀wù, àti ẹ̀rín. Nílé, ta ní ń sùn ní ìyẹ̀wù? Baálé ni. Níbo ni wọ́n ń tọ́jú aṣọ àtàtà àti ìlẹ̀kẹ̀ sí? Ìyẹ̀wù ni. Ta ní wá ń sùn lójú fèrèsé? Ẹni tí wọ́n fẹ́ kí olè kọ́kọ́ bá.

Ó padà sínú yàrá. "Yánníbo, wọ́n ti rẹ́ wa jẹ."

"Ta ló rẹ́ wa jẹ?"

"Wọ́n gbé Òkété sí ìyẹ̀wù. Èmi, odidi baálé, wọ́n wá sá mi sójú fèrèsé bí aṣọ tútù."

"Baálé mi, inú ọkọ̀ la wà, a ò sí nílé. Ẹ kọ́kọ́ bi Akàn léèrè ná."

Ìjàpá lọ bi Akàn léèrè. "Akàn, báwo ni ìyẹ̀wù yẹn ṣe rí?"

"Ó gbóná."

"Ó gbóná báwo?"

"Ẹ̀rọ ọkọ̀ wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Ààrò alásè wà lósì. Kò ní fèrèsé."

Ìjàpá mi orí bí àgbàlagbà tí ọmọdé ń purọ́ fún. Òun náà kúkú mọ ọ̀nà yìí. Lọ́dún tí iṣu rẹ̀ ta jù lọ, ó sọ fún gbogbo aládùúgbò pé kíkorò ló korò, ó sì dá a jẹ tán. Bí ènìyàn bá ní ohun tó dára, bí yóò ṣe ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó ń béèrè nìyẹn. "Àwọn ará omi yìí gbọ́n," ni ó wí nínú ara rẹ̀. "Ó wá ku ẹni tó gbọ́n jù wọ́n lọ."

Ó bá Òkété lórí àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀.

"Òkété, ọ̀rẹ́ mi, o kú oríire yàrá."

"O ṣeun, Ìjàpá. Ìyẹ̀wù ni mo bọ́ sí."

"Mo gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé… jẹ́ kí n dákẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Ṣé o sanra ju ti èṣín lọ ni?"

"Mo sanra díẹ̀. Kí ló dé?"

"Ohun tí alásè náà sọ nìyẹn."

Òkété gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. "Alásè mọ̀ mí?"

"Kò mọ̀ ọ́ rárá. Ó kàn béèrè bóyá yàrá Òkété ló kángun sí ààrò òun. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, òun ò ní í rìn jìnnà. Ata ló ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ ata ẹja."

Òkété na imú sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Irun imú rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ilẹ̀kùn mélòó ni ìyẹ̀wù náà ní?"

"Ẹyọ kan."

Ẹ sì mọ̀ pé Òkété kì í gbẹ́ ihò tí kò ní ẹnu ọ̀nà méjì.

"Tiwa lókè ní ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì," ni Ìjàpá wí, ó ń wo òkè àjà. "Bí nǹkan bá dé, ibi téèyàn máa bẹ́ gbà pọ̀. Ṣùgbọ́n má bẹ̀ mí, mi ò lè gbé e fún ọ."

"Mo bẹ̀ ọ́, Ìjàpá."

"Mo ní kí o má bẹ̀ mí."

Òkété dọ̀bálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìrù rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀. Ìjàpá jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣàánú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Òkété tún fi ẹja gbígbẹ tó wà nínú àpò rẹ̀ dúpẹ́, Ìjàpá sì gbà á nítorí kí inú ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Nígbà tí Yánníbo gbọ́, ikọ́ gbé e. Ó hú u tán, ó ní, "Oníṣègùn ní atẹ́gùn ni kí n gbà."

"Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láti ibí dé ìyẹ̀wù," ni Ìjàpá wí. "Gba gbogbo rẹ̀."

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Yánníbo wò ó, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. "Ẹ máa lọ, baálé mi. Èmi ò sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó Òkété ti ní kí n dúró ti òun."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìyẹ̀wù yẹ."

Ó bọ́ sílẹ̀, ó pe Akàn. "Ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Òkété lè fẹ́ fi ọgbọ́n gba yàrá yìí padà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń sín ènìyàn jẹ. Bí o bá gbọ́ ohùn mi pé kí o ṣílẹ̀kùn, èmi kọ́. Má ṣí i. Bí ó sunkún, má ṣí i. Ó di ọjọ́ keje."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ihò wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Gba ibẹ̀ tì í wọlé."

"Mo ti gbọ́," ni Akàn wí. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Yàrá náà kéré débi pé ibùsùn kan ògiri lọ́tùn-ún, ó kàn án lósì. Ìjàpá fọwọ́ kan ògiri ọ̀tún, ó yára fà á padà. Ó fọwọ́ kan ti òsì, ó yára fà á padà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń lù gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gúnyán fún ogún ènìyàn. Ní apá kejì, alásè ń ru ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kò wọlé. Ìjàpá dùbúlẹ̀. Ó ní bí ọlá ṣe máa ń móoru nìyẹn.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ibùsùn ti tutù jọ̀pọ̀ fún òógùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti orí bọ ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn díẹ̀ tó ṣìnà wá láti òkè fẹ́ ẹ nímú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ró. Ẹtu ló ń lọ gba omi lọ́wọ́ alásè. Ìjàpá fa orí wọlé.

"Ìjàpá, báwo ni ìyẹ̀wù?" ni Ẹtu béèrè.

"Ó tutù. Aṣọ ìbora ni mò ń wá."

"Ẹni ọlá. A ò lè bá ọ du ipò."

Ẹtu lọ, orí jáde. Ìgbín ń bọ̀, orí wọlé. Ìgbín kì í sì í kọjá kíákíá. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí di ọjọ́ kẹta, ó ń yọ orí, ó ń fà á, ó ń jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ mọ bí òtútù ṣe ń pa òun tó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́. Ó gbé orin:

*Akàn, Akàn, ṣílẹ̀kùn fún mi,*
*Ìyẹ̀wù dùn.*
*Ẹ̀rọ ń sè mí lọ́tùn-ún o,*
*Ìyẹ̀wù dùn.*
*Ààrò ń sun mí lósì o,*
*Ìyẹ̀wù dùn.*
*Èmi mà ni, kì í ṣe Òkété,*
*Ìyẹ̀wù dùn.*

Àwọn èrò ọkọ̀ ló ń gbe orin. Wọ́n ti kún orí àtẹ̀gùn, orin náà sì wọ̀ wọ́n lára. Akàn dúró síwájú ilẹ̀kùn, kò gbe orin, kò sì ṣílẹ̀kùn.

"Òkété yìí mọ ènìyàn sín jẹ o," ni ó wí.

"Akàn, èmi ni."

"Ìjàpá ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun."

"Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Òkété gan-an rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, Akàn," ni Ẹtu wí.

Akàn yí ojú rẹ̀ kan sí Òkété, ó fi èkejì sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. "Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà nínú."

"Pe ìyàwó mi," ni ohùn náà wí. "Ó mọ ohùn mi."

Wọ́n lọ pe Yánníbo. Ó sọ àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá kalẹ̀ láìdúró, kò hú ikọ́ kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ihò náà. "Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé, báwo ni ìyẹ̀wù?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí Ìjàpá nílò kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Kí ó sáà ní, "Ó gbóná." Ó yọ orí síta láti sọ ọ́. Ó rí ẹsẹ̀ Ẹtu. Ó rí ẹsẹ̀ Òkété tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó rí ikarahun Ìgbín. Ó fa orí wọlé.

"Ó tutù," ni ó wí.

Yánníbo dìde. "Ọkọ mi ni. Kò sí ẹlòmíràn tó lè purọ́ báyìí nígbà tí iná ń jó o."

Gbogbo ojú yí sí Akàn. Akàn ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Bí kì í bá ṣe òun, n kò gbọdọ̀ ṣí i," ni ó wí. "Bí ó bá sì jẹ́ òun ni, òun ló ní ó di ọjọ́ keje, ó sì tún ní ibẹ̀ tutù." Ó fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Yánníbo ti igbá omi tútù kan wọlé láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ ẹni ni ọkọ ẹni. Lẹ́yìn náà, yóò padà gòkè lọ síbi fèrèsé. Òkété kò dí i lọ́wọ́, ó ti rí abẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn tó.

Ọjọ́ keje pé, ọkọ̀ gúnlẹ̀, Akàn ṣílẹ̀kùn. Ìjàpá jáde. Ooru ti mu gbogbo omi ara rẹ̀ tán. Awọ ọrùn rẹ̀ ti rún jọ bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá. Yánníbo ṣíwájú lójú ọ̀nà ilé, ó ń bá ìyàwó Òkété sọ̀rọ̀, gbólóhùn ń tẹ̀lé gbólóhùn, kò sinmi. Ìjàpá ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Ó yọ orí láti gba atẹ́gùn. Ẹnìkan kọjá, ó fà á wọlé, kí onítọ̀hún má baà béèrè.

Ìdí nìyí tí ọrùn ìjàpá fi rún títí di òní, tó sì fi ń fa orí wọlé bí ẹsẹ̀ bá ró. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà á. Kò fẹ́ kí wọ́n bi í bí ìyẹ̀wù ṣe rí ni.

Èbúté tí ọkọ̀ àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá ti fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi kọsẹ̀ lára eyín kí ó ṣubú. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò kọsẹ̀.