Ẹni Tó Kí Ọ̀fungbẹ Pẹ̀lẹ́

Ààlọ̀ o!

(Ààlọ̀!)

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ gbé itọ́ mì, kí ẹ dáhùn bí ẹni tó yó. Ààlọ̀ o!

(Ààlọ̀!)

Ààlọ́ mi dá lórí Àwẹ̀ró opó, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Ìbídùn, àti iwin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fungbẹ. Ẹ sún mọ́ iná. Ẹni tó bá lójo kó di aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ mú, torí ẹ̀rù ààlọ́ yìí ń ba èmi tí mò ń pa á pàápàá.

Abà kan wà nínú igbó, ilé mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Ògúnṣakin ọdẹ ló ni ilé kìíní, Ìyá Ẹlẹ́pà ló ni èkejì, Àwẹ̀ró àti ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀kẹta. Àwọn ará abà yìí mọ ìkíni jù. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ nínú ilé kan, ẹ ó gbọ́ "Pẹ̀lẹ́ o!" láti ilé kejì, ẹ ó tún gbọ́ ọ láti ilé kẹta. Ọmọ tó bá gbọ́ ikọ́ àgbà tí kò kí i, ìgbátí ni yóò jẹ. Àwẹ̀ró ti fi pàṣán kọ́ Ìbídùn títí ọmọ náà fi ń kí ènìyàn lójú oorun.

Ọdún kan wá, ọyẹ́ mú burúkú burúkú. Ètè ń sán, ewé ń já wàrà wàrà. Ọyẹ́ yìí ló lé Ọ̀fungbẹ jáde nínú igbó. Ọ̀fun iwin yìí ti gbẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sí odò tó mu tó pa òùngbẹ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gùn dé kókósẹ̀, ọrùn rẹ̀ tínrín. Bó bá ń rìn lórí ewé gbígbẹ, á máa dún wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Lóru ọjọ́ kìíní, ó dé ẹ̀yìn ilé Ògúnṣakin. Ó wúkọ́: Họ̀! Họ̀! Họ̀! Ògúnṣakin rò pé aládùúgbò ni. Ó yíra padà lórí ẹní, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀: gbàà! Iwin wọlé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é, ṣùgbọ́n ẹ rọra gbè é o:

Ta ló kí mi nínú ilé?
(Họ̀ họ̀, ọ̀fun gbẹ!)
Ta ló sọ pé pẹ̀lẹ́ o?
(Họ̀ họ̀, ọ̀fun gbẹ!)
Ohùn rẹ̀ ni n ó gbé mì,
(Họ̀ họ̀, ọ̀fun gbẹ!)

Ó ki ọwọ́ gígùn bọ ọdẹ lẹ́nu, ó fa ohùn rẹ̀ yọ, ó gbé e mì: gbìì! Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ògúnṣakin la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó ń fọwọ́ kan ọ̀fun, ó ń sunkún. Àwọn ará abà rò pé eegun ẹja ló há a lọ́fun, wọ́n ní kó gbé òkèlè ńlá mì.

Lóru ọjọ́ kejì, iwin dé ẹ̀yìn ilé Ìyá Ẹlẹ́pà. Họ̀! Họ̀! Họ̀! Ìyá Ẹlẹ́pà ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Gbàà! Ilẹ̀kùn ṣí.

Ta ló kí mi nínú ilé?
(Họ̀ họ̀, ọ̀fun gbẹ!)
Ohùn rẹ̀ ni n ó gbé mì,
(Họ̀ họ̀, ọ̀fun gbẹ!)

Gbìì! Ó gbé e mì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì wá bá Àwẹ̀ró. Ọdẹ ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Ìyá Ẹlẹ́pà mi ètè bí ẹni tó ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì sì di ọ̀fun wọn mú. Ó yé Àwẹ̀ró. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ìbídùn, ikọ́ yòówù tí o bá gbọ́ níta lálẹ́ òní, má kí i o."

"Mo ti gbọ́, ìyá mi."

Àṣé eruku ọyẹ́ ti wọ Ìbídùn lọ́fun. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú ni ikọ́ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́. Ó jẹ orógbó, kò ràn án. Àwẹ̀ró gbé omi kaná, ó gún atalẹ̀ sí i, ó da oyin tó kù nísàlẹ̀ kèrègbè sí i. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ lórí ewé: wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

Họ̀! Wọn ò kí i.

Họ̀! Ó ti dé ara ògiri. Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Oorun ti gbé ọmọ náà lọ, ṣùgbọ́n ikọ́ ń gbé àyà rẹ̀ sókè sódò. Àwẹ̀ró ronú pé bí kò bá tètè mu nǹkan gbígbóná yìí, ikọ́ á tú wọn fó. Ó mú ọwọ́ kúrò, ó bù ú sínú igbá.

Họ̀!

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ni Ìbídùn wí lójú oorun.

Gbàà!

Ta ló kí mi nínú ilé?
(Họ̀ họ̀, ọ̀fun gbẹ!)

"Èmi ni," Àwẹ̀ró dáhùn.

"Irọ́ ni. Ohùn ọmọdé ni mo gbọ́."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Ohùn mi ló wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni kí o mú."

Ọwọ́ gígùn náà wọ Àwẹ̀ró lẹ́nu. Ìbídùn ta jí, ó rí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu tí kò ké. Gbìì! Kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó gbé igbá oyin gbígbóná tí ìyá rẹ̀ bù fún un, ó nà án sí iwin, ó ní, "Bàbá, ẹ gbà. Ẹ mu ún."

Iwin mu ún lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kejì, ó mí kanlẹ̀. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kẹta, ikọ́ náà lọ.

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń wúkọ́, pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ayé ń kí mi. Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á yíjú sí ògiri. Ìwọ nìkan lo dìde."

Ó pọ ohùn Ògúnṣakin, ohùn náà ké, ó sá lọ sílé. Ó pọ ohùn Ìyá Ẹlẹ́pà, ohùn náà ń polówó ẹ̀pà lọ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ti Àwẹ̀ró ló mú kẹ́yìn, ọ̀fun ló ṣì wà nígbà tí oyin dé, oyin sì ti fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ ikùn. Iwin pọ̀ ọ́ títí, kò rí i pọ̀. Ó tẹ orí ba, ó jáde.

Àwẹ̀ró kò sọ̀rọ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ìbídùn ń sunkún, ó sì tún ń wúkọ́. Ìyá rẹ̀ dìde, ó da omi gbígbóná sínú kèrègbè, ó fi ṣan oyin tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fún un mu, ó sì fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ó fi sùn.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìbídùn bá wúkọ́ lóru, kì í gbọ́ pẹ̀lẹ́. Igi ìdáná tí ìyá rẹ̀ ń dá ló máa ń gbọ́: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Nígbà tó di arúgbó, tí ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, bó bá wúkọ́ lóru, ìró igi yẹn ni etí rẹ̀ ṣì ń wá.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí á má fi pẹ̀lẹ́ nìkan tọ́jú ẹni tó ń wúkọ́. Kí á dìde, kí á gbé omi kaná fún un.

Bí mo bá parọ́, kí ọ̀fun mi gbẹ mọ́jú. Bí n kò bá parọ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹta: gbì, gbì, gbì.

Ta ló wúkọ́ yẹn? Ṣé kì í ṣe ọ̀kan nínú yín? Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má dáhùn o. Ìwọ tó sún mọ́ ààrò, bá mi gbé omi kaná.