Àdá Tí Bàbá Lari Rọ

Ẹ súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́. Ní òkè àwọn Kasi, ní ilẹ̀ Íńdíà, Baálẹ̀ Ksan gba àdá tí Lari fi ń la ọparun hun apẹ̀rẹ̀ jẹun. Ó ní, "Tèmi ni! Bí o bá ní ẹlẹ́rìí, mú un wá báyìí!" Lari ní, "Ọparun yìí ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, ẹ kọ́kọ́ là á." Baálẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún là á, àdá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kó bẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Lari fi ọwọ́ òsì gba àdá, ó la ọparun gbọọrọ dé ìdí. Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ́nu àdá yìí ni bàbá mi pọ́n nígbà tó rọ ọ́, kó lè bá ọwọ́ òsì mi mu. Baálẹ̀, ọwọ́ wo lẹ̀yin fi ń jẹun?" Àwọn ará abúlé tó ń wò wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní, "Gbé àdá ẹ, kúrò níwájú mi!"