Ihò Imú Pijó Oyègbàmí

"Ihò imú tó fẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ní í gba ibẹ̀ wọlé." Ní gbogbo abà tó wà lẹ́yìn òkè Máwẹ̀yìn, tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Àwọn tí imú wọn tóbi a máa rò pé àwọn ni wọ́n fi ń bú. Òwe náà kò bá imú ènìyàn wí rárá. Imú ọkọ̀ ló ń wí.

Oyègbàmí ará Abà Ọ̀kín ló ni ọkọ̀ náà, Pijó akẹ́rù kan tó ti pẹ́ láyé. Kò sí ọkọ̀ mìíràn lábà nígbà náà. Iṣu ló fi ń kó lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá ẹnìkan dùbúlẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì òkè. Òkè ọ̀hún sì dúró ṣánṣán bí àkàbà. Àwọn baba ńlá ló sọ ọ́ ní Máwẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn níbẹ̀, òòyì á kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Àyọ̀ká, àbúrò Oyègbàmí, ń rọbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sọ́kọ̀, ó dojú kọ òkè. Wọn kò tíì dé ìdajì tí ọkọ̀ fi kérora, tó gbọ̀n, tó sì dúró. Àwọn ọkùnrin tó bá wọn lọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í títí, kò lọ. Ẹ̀bá ọ̀nà ni Àyọ̀ká bímọ sí, lábẹ́ tapólì tí wọ́n fi ń bo iṣu. Ìyá yè, ọmọ yè, gbogbo abà sì dúpẹ́. Oyègbàmí nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá ti dùbúlẹ̀, igbe àbúrò rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ó tọ Múfútáù lọ, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ létí ọjà.

"Mo fẹ́ kí ọkọ̀ yìí lágbára," ó ní. "Mo fẹ́ kó máa gun òkè bí ewúrẹ́."

Múfútáù ṣí iwájú ọkọ̀, ó wo inú rẹ̀ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì ò yàtọ̀ sí èèyàn. Èémí tí ò bá tó, kò lè ṣiṣẹ́ agbára. Ṣé ẹ rí àwọn irin kéékèèké tó ń ṣe bí jangírọ́fà lókè yìí? Rọ́kà nìyẹn. Àwọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Màá fi èyí tó ń ṣí i gbayawu pààrọ̀ wọn. Màá tún fẹ ihò imú ọkọ̀ lójú, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé."

Ó ṣe bó ti wí. Ìṣòro kan ló kù: asẹ́ tó ń dá eruku dúró kò bá ihò tuntun náà mu mọ́. Múfútáù ní kí ọkọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ òun títí èyí tó bá a mu yóò fi ti Ìbàdàn dé.

"Bí ẹnìkan bá tún ń rọbí lọ́la ńkọ́?" Oyègbàmí bi í.

"Òjò ló jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé kò séwu. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku á ráyè wọnú rẹ̀," Múfútáù kìlọ̀ fún un.

Oyègbàmí kò dúró. Ó gé àwọ̀n ẹ̀fọn, ó fi di ẹnu ihò náà, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Máwẹ̀yìn di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Pijó ẹlẹ́rù iṣu ń sáré gòkè, àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Nígbà tí asẹ́ dé, Múfútáù ránṣẹ́ pè é, ó tún ránṣẹ́. "Tí ọjà yìí bá ti kọjá," ni Oyègbàmí máa ń wí. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù ń bà á kí asẹ́ má lọ dín agbára ọkọ̀ kù.

Ọyẹ́ dé. Ilẹ̀ pupa di lẹ́búlẹ́bú, ó bo ewé, ó bo òrùlé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, èéfín ń tú yàà lẹ́yìn rẹ̀. Oyègbàmí rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà náà ni paramọ́lẹ̀ bu àgbẹ̀ kan lábà, Ògúnṣọlá, jẹ lẹ́sẹ̀ lóko. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òkè lásán ni Pijó dé tí ẹ́ńjìnnì fi kú. Ògúnṣọlá wo ojú Oyègbàmí. Wọ́n ní láti sáré lọ wá ọ̀kadà ní abà kejì. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà là.

Nígbà tí Múfútáù tú ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Oyègbàmí ti ìka bọ inú rẹ̀. Eruku ti ha gbogbo ara irin tó yẹ kó máa dán. Iyanrìn kúnnákúnná wà nínú ọ́ìlì.

"Ṣé àwọn rọ́kà yẹn ló fà á?" Oyègbàmí béèrè.

"Rọ́kà ò jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n. Ihò imú tá a fẹ̀ yẹn, ṣé afẹ́fẹ́ nìkan lẹ rò pé yóò gba ibẹ̀ wọlé ni?"

Oyègbàmí gba ilé Ògúnṣọlá lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀, títí kan asẹ́ tí kò lọ gbà. Ògúnṣọlá ní, "Dìde. Tún un ṣe. Má sì dín agbára rẹ̀ kù, nítorí ẹlòmíràn á tún ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n fi asẹ́ sí i."

Gbogbo iṣu ọdún náà ló bá àtúnṣe lọ. Láràárọ̀ ni Oyègbàmí ń tú asẹ́, tó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í léèrè, ọ̀rọ̀ Múfútáù ló fi ń dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di òwe.

Lónìí, bí wọ́n bá fi ẹnìkan joyè tí ilé rẹ̀ wá di ilé èrò, tàbí tí ìlú kan la ọ̀nà tuntun fún àlejò, àwọn àgbà a ní, "Ihò imú tó fẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ní í gba ibẹ̀ wọlé." Wọn kò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ ihò náà. Wọ́n fi ń béèrè bóyá ẹni tó fẹ̀ ẹ́ ti wá asẹ́ sí i.