Ìdí Tí Ení Fi Ń Tẹ̀lé Bàbá Rẹ̀ Kiri Inú Ìwé

Nígbà láéláé, kí ojú ìwé tó ní òfin, àwọn àkọlé ń gbé inú kọ̀ǹpútà Ìbídùnní, obìnrin tó máa ń to ìwé fún àwọn òǹkọ̀wé. Ìwé adìyẹ sísìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, Bàbá Látúndé ọlọ́sìn adìyẹ ló kọ ọ́.

Ilé mẹ́ta, ìyẹn orí mẹ́ta, ló wà nínú ìwé yìí. Àgbà Ení ń sọ̀rọ̀ nípa ilé adìyẹ, Àgbà Èjì ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ wọn, Àgbà Ẹ̀ta sì ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn. Olúkúlùkù wọn ló bí àwọn àkọlé kéékèèké lọ́mọ, àkọ́bí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ́ Ení. Ení mẹ́ta nínú ìlú kan, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan, àfi Ení ọmọ Àgbà Ẹ̀ta.

Ení yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, agbéraga paraku ni. Bàbá rẹ̀ ń tì í lójú. Ó máa ń rò ó títí pé òun tí òun jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, báwo ni ẹni kẹta ṣe máa bí òun? Bí àlejò bá bi í pé ọmọ ta ni, á ní Ení ni òun, kò sì sẹ́ni tó wà níwájú òun. Àgbà Ẹ̀ta á gbọ́, á sì máa wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Látúndé wá jókòó ti Ìbídùnní. Ó ní Ení yẹn mà wu òun o, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ pupa, kí wọ́n sì jẹ́ kó tóbi dáadáa. Ení ilé Àgbà Èjì, tó sọ̀rọ̀ àgbàdo, ló ń wí. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìbídùnní bèèrè pé Ení dà, kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀, Ení tiwa ti fò síta. Ojú ò tilẹ̀ tì í.

Wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n sì mú kó tóbi ju bàbá rẹ̀ lọ. Ló bá ń yan fanda kiri ojú ìwé. Àràárọ̀ ló ń tún ọ̀dà pupa kùn sórí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́?

Kò pẹ́ kò jìnnà, òjò ńlá rọ̀. Bàbá Látúndé tún dé, ojú rẹ̀ sì le. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pé etí odò ló dára jù láti kọ́ ilé adìyẹ sí. Omi ti wá gbé adìyẹ tirẹ̀ gan-an lọ, tìyẹ́tìyẹ́.

"Ìbídùnní, pa Ení rẹ́," ni ó wí. "Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀."

Ení ilé Àgbà Ení ló ń bá wí. Ìbídùnní na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ó ní Ení dà? Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ta ni yóò jẹ́ ìpè ikú nígbà tí ẹlòmíràn ń bá a jẹ́ ẹ? Ení tiwa ti dúró síwájú, ó ń retí aṣọ tuntun.

Ìgbà tó rí ìka tó ń bọ̀ ni ojú rẹ̀ tó là.

"Ẹ má pa mí, Mà! Èmi kọ́! Ení ilé Ẹ̀ta ni mí!"

Àṣé ọmọ náà mọ orúkọ bàbá rẹ̀! Ìbídùnní dá ọwọ́ dúró, ó bi Àgbà Ẹ̀ta bóyá ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Inú ń bí Àgbà Ẹ̀ta, ó sì yẹ kó bí i.

"Gbogbo àlejò ló ti sọ fún pé kò sẹ́ni tó wà níwájú òun," ni ó wí. "Kí ni kí n wá wí?"

Ni Ení bá lọ sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi orí kanlẹ̀. Ọ̀dà tó kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà ò tíì gbẹ. Ó fi àmì róbótó kan sílẹ̀ láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Àgbà Ẹ̀ta wo àmì náà, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni kó máa dúró sí."

Ìbídùnní ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó bọ́ aṣọ pupa lára Ení, ó dín in kù títí ó fi kéré sí bàbá rẹ̀. Ó wá fi òfin sínú kọ̀ǹpútà pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ kó tó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ á kọ́kọ́ dárúkọ bàbá àgbà, á dárúkọ bàbá, kó tó kan tirẹ̀. Ilé tuntun tí ẹ bá sì wọ̀, láti orí Ení ni wọn yóò ti máa ka ọmọ.

Lẹ́yìn èyí ló pa Ení tó purọ́ etí odò rẹ́. Ara onítọ̀hún ò tíì tutù tí Èjì àbúrò rẹ̀ fi di àkọ́bí, tó sì ń jẹ́ Ení. Ayé inú ìwé náà nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Ení ilé Ẹ̀ta ò ti lè dá rìn mọ́. Ojú ìwé yòówù kó wà, 3.1 ni ẹ ó rí, bàbá níwájú, ọmọ lẹ́yìn. Àmì róbótó tó wà nílẹ̀ láàárín wọn, ibi tó forí kàn nìyẹn, kò sì tíì dìde.