Tìmùtìmù Irun Àyà Ehoro

Bí olè bá jí ohun tí o fi ìnira ṣe fún ọmọ rẹ, tí ọmọ rẹ sì yè, èpè ni wàá ṣẹ́, àbí ọpẹ́ ni wàá dá? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ sún mọ́bí, ẹ fi aṣọ bo àbúrò yín lẹ́sẹ̀.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ń wá ibi tí yóò sùn sí. Ó dé orí ẹní, ẹní gún un. Ó dé orí ilẹ̀, ilẹ̀ tutù. Ó wá lọ balẹ̀ sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti Ehoro aládùúgbò wọn.

Ní ìlú àwọn ẹranko, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnìkan yan ibùsùn. Ara oníkálukú ló ń yàn fún un. Ẹlẹ́dẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ní ó ń yún òun, ó padà sínú ẹrẹ̀. Àdán ní òun ò fẹ́ kí ohunkóhun kan ẹ̀yìn òun, ó so rọ̀ sórí igi. Ta ló bá wọn jà?

Ehoro lóyún. Eegun rẹ̀ sún mọ́ awọ, ibi gbogbo ló ń gún un. Ó ní, "Ọmọ tí mo máa bí kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ le." Ó bá ń ṣa òwú àràbà. Òwú ò tó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà ara rẹ̀ tu. Ó fà á, ó fà á, títí àyà fi pọ́n. Ó fi ṣe tìmùtìmù kan. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ á wọlé lọ, wàá máa wá a.

Yánníbo náà lóyún. Orí ẹní koríko ló ń sùn, kò ráhùn. Ìjàpá ni ojú rẹ̀ wọ tìmùtìmù.

"Baálé mi, ẹní wa ti bá mi lára mu."

"Ara rẹ kọ́ ni mò ń wò. Ojú ayé ni mò ń wò. Ìyàwó Ìjàpá lórí koríko!"

Ó gba ilé Ehoro lọ.

"Ìyá ìkókó ọ̀la, ẹ kú ọyẹ́ o. A kì í tẹ́ ibùsùn fún ọmọ kí àgbà má dán an wò. Ẹ jẹ́ n fara kàn án."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá Ìjàpá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àpáta pọ̀n? Báwo lẹ ó ṣe mọ ohun tó rọ̀?"

"Ẹ̀yìn mi ló le. Inú mi rọ̀ ju òwú yín lọ."

Ó dùbúlẹ̀. Ó fi igbe ta. "Yéè! Ìdun! Ìdun pa mí o!"

Ìdun wo ló ní eyín tó lè gba inú igbá ahun kọjá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò tíì bímọ ni. Ẹ̀rù ọmọ kì í jẹ́ kí ìyá ro nǹkan já.

Ehoro fò dìde. "Ìdun? Lára ọmọ mi?"

"Ẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Màá sá a sóòrùn lórí àpáta. Kẹ́ ẹ tó bí, mo ti gbé e dé."

Bó ṣe gbé e lọ nìyẹn, ó dìgbóṣe.

Ìrọbí dé, tìmùtìmù ò dé. Orí ilẹ̀ lásán ni Ehoro bímọ sí nínú ọyẹ́, kò sì sí irun láyà tí yóò fi bò ó. Ilẹ̀ gún ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi la ojú lọ́jọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Ehoro gbé ọmọ, ó gbé orin, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá o, ibùsùn ọmọ mi dà?
*Tẹ́ẹrẹ́-n-tẹ́*
Irun àyà mi ni mo fà tu
*Tẹ́ẹrẹ́-n-tẹ́*
Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ tutù
*Tẹ́ẹrẹ́-n-tẹ́*
Ẹni tó tẹ́ ohun olóhun, yóò tẹ́
*Tẹ́ẹrẹ́-n-tẹ́*

Ìjàpá ti tẹ́ tìmùtìmù sílé. Yánníbo bímọ, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀.

"Baálé mi, ọmọ yìí ń rì."

"Ìgbádùn ló ń rì sí. Fi í sílẹ̀ kó sùn bí ọmọ ọlọ́lá."

Ọmọ dojú délẹ̀. Òwú bò ó nímú. Ẹ sì mọ ìdílé wọn, wọn ò mọ yíyí padà. Nígbà tí Yánníbo gbé ọmú wá, ọmọ ò gbà á mọ́.

Orin Ehoro ló ń gbọ́ níta: irun àyà mi ni mo fà tu. Ó gbé ọmọ kúrò, ó tú tìmùtìmù wò, ó rí irun.

"Ta ló fún ẹ?"

"Wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni."

"Ìjàpá." Kò pè é ní baálé mọ́. Ó fẹ̀gbẹ́ gbá a. Ìjàpá ṣubú sórí tìmùtìmù, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wa afẹ́fẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ dé, Àdán dé, gbogbo ìlú dé.

"Bàbá Ìjàpá, ṣé ó bá yín lára mu?"

Ó tẹ́ ibùsùn, ó tẹ́.

Ehoro wọlé, kò wo ojú Yánníbo. Ó fa tìmùtìmù rẹ̀ yọ lábẹ́ Ìjàpá, ó ṣẹ́ ẹ lépè, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ń fò tẹ̀lé e.

Yánníbo ní, "N ò tún ní tẹ́ nǹkan fún ọmọ mọ́ láéláé." Ìdí nìyẹn tí ahun fi ń wa yẹ̀pẹ̀, tó ń kó ẹyin rẹ̀ sí i, tó ń bò ó, tó ń lọ, tí kì í wẹ̀yìn.

Bí mo bá purọ́, kí ẹní mi gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ehoro ṣì ń ṣépè dòní. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé tìmùtìmù yẹn ì bá pa ọmọ tirẹ̀ náà. Èmi náà, ẹ̀yin ọmọ mi ti ń sáré kiri kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó wá bá wa ní ilé ìwé àgbà: ibi tó le, tó tẹ́jú, ni kí ìkókó máa sùn, kó dojú sókè, kí ohun rírọ̀ kankan má sún mọ́ ọn nímú.