Alágẹmọ Nínú Ìgbìmọ̀ Ilé Ọmọ Òrukàn

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"
Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Alágẹmọ.

Àwọn ẹranko fi Alágẹmọ sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ọmọ òrukàn. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀. Ìnàkí, alága, ní kí wọ́n ra àga onítìmùtìmù fún ìgbìmọ̀. Alágẹmọ mi orí pé òun gbà. Ìnàkí tún ní kí wọ́n kọ orúkọ ìgbìmọ̀ sára ògiri. Alágẹmọ tún mi orí. Lọ́jọ́ kẹta, òjò ṣú.

Ìnàkí ní, "Àga wa á tutù o! Káwọn ọmọ bọ́ síta, ká kó àga wọlé."

Ẹ bá mi gbè é:
"Alágẹmọ, ṣé o gbà?"
"Jẹ́jẹ́ lorí ń mì."

Alágẹmọ rí ọmọ Òkété tó ti ń ká ẹní rẹ̀ láìjanpata. Ó di orí ara rẹ̀ mú. "Orí yìí! Bí wọ́n bá ní ká sun mí jẹ, á ṣáà mì ni." Ló bá ké: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, n kò gbà! Ti àkọ́kọ́ gan-an, n kò gbà á."

Ehoro tóun náà wà nínú ìgbìmọ̀ ní, "Háà! Ìwọ là ń wò tá a fi ń gbà!"

Àga ló gba òjò lọ́jọ́ náà.

Bí mo bá purọ́, kí orí mi máa mì. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ó ti ń mì kí n tó débí.